Àwọn Àlejò Ìkórè Mi Lẹ́nu Géètì

                                                            Yàrá Kejìdínlógún,
                                                            Pelican Point,
                                                            Cotton Bay,
                                                            Tobago.
                                                            Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, 1998.

Hollis, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Àìkú nìyí. Èkíní, ibùsùn tí wọ́n fún mi níbí ti rọ̀ jù. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ṣe ni mo ń rì, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ̀yìn á máa ro mí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì. Èkejì, ẹ̀rọ amúlétutù. N kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, mo sì ń bẹ̀rù pé òtútù àyà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, sítóòfù mi nílé. Mo mọ̀ pé mo pa á kí n tó kúrò ní Arima, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Ẹ̀kẹrin, mo ti ní kí o wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́la, n kò sì ní bá bàálù ọ̀la wá. Ẹ̀karùn-ún ni Ismay, àbúrò mi, tó dúró sínú oòrùn fún odidi wákàtí kan lẹ́nu géètì ilé ìgbafẹ́ yìí pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, nígbà tí èmi jókòó sínú ọgbà tí mò ń mu omi atalẹ̀. Bí n óò bá sọ òótọ́, ìkarùn-ún yìí nìkan ni. Àwọn yòókù, ó ti pẹ́ tí èmi àtirú wọn ti jọ ń sùn.

Jọ̀wọ́, má bínú pé mo ti ń ro ẹjọ́ kí n tó kí ọ. Báwo ni ara? Orúnkún rẹ ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà fún ọ láti gun àtẹ̀gùn? Merle ìyàwó rẹ ńkọ́? Bá mi sọ fún un pé mo ń rántí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nínú àdúrà, kí ó sì yé bu iyọ̀ sí ẹja tó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ yín tó wà ní San Fernando, mo lérò pé wọ́n ń lọ sí ilé ìwé, pé èyí tó ń wúkọ́ kò sì wúkọ́ mọ́. Ṣé òjò kò tíì wọ inú ilé ìdáná yín bí ti èṣí? Èmi ní tèmi, ara le, bí a bá yọ ti ẹ̀yìn àti ti ọkàn kúrò.

Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, lọ wo sítóòfù náà fún mi. O mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. N kò ní kọ ọ́ síbí, torí Neville ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Verlyn, obìnrin tó ni ilé àlejò tí mo kọ́kọ́ dé sí níbí, ni, èèyàn gidi sì ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ǹ bá pè ọ́ lórí tẹlifóònù, àmọ́ etí rẹ kò gbọ́ ọ dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń pariwo rẹ̀.

O mọ̀ pé Ismay kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìdí rẹ̀. Mo sọ fún gbogbo yín pé ọkọ̀ ojú omi kò lọ sí Tobago lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín. Hollis, ọkọ̀ lọ. Mo dé èbúté ní Port of Spain pẹ̀lú aṣọ dúdú mi nínú àpótí, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀pà ló sọ pé òun gbọ́ pé òkun ń ru. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó, mò ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ti ń wọlé, àwọn abiyamọ, àwọn tó gbé adìyẹ dání, mo ní n óò wọlé tí ìlà bá kúrú. Ìlà kúrú títí ó fi tán, wọ́n sì fa àtẹ̀gùn sókè. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Scarborough láìsí wàhálà kankan. Ismay nìkan ló tẹ̀lé pósí ìyá wa. Èmi àkọ́bí, tó yẹ kí n bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹta ni mo tó bá bàálù dé, òdòdó orí sàréè sì ti rọ. Ismay wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò wá," ó sì wọlé lọ. Láti ìgbà náà, mo ti kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí i. Kò dá ọ̀kankan padà, kò sì fèsì sí ọ̀kankan.

Ìdí tí mo fi mú oṣù yìí láti wá bá a ni Ìkórè. O kì í ṣe ọmọ Tobago, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí. Lọ́jọ́ Àìkú Ìkórè, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ilé tí ń ti ilẹ̀kùn ní abúlé. Ẹni tó bá ń kọjá, ìbáà jẹ́ ẹni tí o kò rí rí, yóò wọlé, yóò jẹun, yóò mu, yóò sì di díẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí ẹ jọ ń jà pàápàá, bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, o kò lè lé e, òun náà kò sì lè kọ oúnjẹ rẹ. Ọmọ abúlé tó bá ti ẹ̀yìn odi dé, ibi tó bá dé sí ni yóò ti gba àlejò tirẹ̀. Mo ronú pé bí àwo oúnjẹ bá wà láàárín èmi àti Ismay, tí àwọn èèyàn sì ń wò wá, kò ní lè ṣe kó má bá mi sọ̀rọ̀.

Ilé ìyá wa ti wó, nítorí náà ilé àlejò Verlyn ni mo dé sí lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí. Yàrá mẹ́rin ni, lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ibùsùn onírin, fáànù tó ń ké bí ẹyẹ, balùwẹ̀ kan fún gbogbo wa, àti àkùkọ kan tí kò mọ aago. Òrùlé yàrá mi ń jò, Verlyn sì gbé garawa sí ìsàlẹ̀ ibi tó ń kán sí. Mo fi han Verlyn pé nẹ́ẹ̀tì ibùsùn náà ní ihò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Alford, ẹ̀fọn tó bá wá ihò yẹn rí lókùnkùn, ó yẹ kó jẹun."

Mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa níbẹ̀. Mo ra akàn odindi àpò kan lọ́wọ́ àwọn tó ń dẹ pàkúté létí odò. Verlyn ní òun yóò fi kọ́rì sè é, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ṣíṣù, bí ìyá wa ti máa ń ṣe é. Ó tún bá mi ránṣẹ́ sí Ismay ní Parson Bay, abúlé ọkọ rẹ̀, nípasẹ̀ awakọ̀ búrẹ́dì tó ń gun orí òkè lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èsì dé: "Ìkórè ni. Èmi kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Ìkórè." Hollis, mo ní kí awakọ̀ náà tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dúró síbẹ̀ ni, ì bá dáa. Ní ọjọ́ kejì, Lennox ọmọ mi pe ṣọ́ọ̀bù láti Toronto, Neville ló sì gbé tẹlifóònù. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ti sọ bí òrùlé ti rí, ó ti sọ bí balùwẹ̀ ti rí, ó ti ń bọ̀ sórí àkùkọ.

Lennox ní, "Dádì, ṣé lóòótọ́ ni pé garawa wà níbi tí ẹ ń gbé orí lé?"

Mo ní, "Níbi ẹsẹ̀ ni."

"Ẹ di ẹrù yín. Mo ti sanwó ọ̀sẹ̀ kan fún yín ní Pelican Point. Oúnjẹ wà nínú ẹ̀, ohun mímu wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀."

"Lennox, Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́rin."

"Ẹ ṣe Ìkórè níbẹ̀, Dádì. Wọn ò ní dá owó yẹn padà."

Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá kọ̀, ọmọ á ní mo tàbùkù òun. Bí mo bá lọ, Verlyn á ní mo tàbùkù òun. Mo rò ó títí, n kò rí ìkẹta. Ní ọjọ́bọ̀, Verlyn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò mí bí mo ti ń gbé àpótí sínú ọkọ̀.

"Ẹ máa lọ o, ẹ̀gbọ́n. Kí àkùkọ mi má lọ bà yín lóorun olówó jẹ́."

Mo ní, "Verlyn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Akàn yín ńkọ́?"

"Ẹ máa jẹ ẹ́."

"Àpò kan? Èmi àti ta ni?"

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Pelican Point sí ni ọgbà àgbọn tí bàbá wa ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Nígbà tí èmi àti Ismay wà ní kékeré, ajá ni wọ́n máa ń dẹ sí wa bí a bá wọ ibẹ̀ lọ ṣa àgbọn. Ní báyìí, ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ló pàdé mi, ó fún mi ní aṣọ ìnura kékeré kan tó tutù, tó ń ta sánsán. N kò mọ̀ bóyá ojú ni mo fẹ́ fi nù tàbí ọwọ́, mo bá dì í mú títí ó fi gbà á padà. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun tẹ̀ba fún mi, ó so ọ̀já oníke aláwọ̀ búlúù mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sílé, sà. Láti ìsinsìnyí lọ, ilé yín nìyí. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà sọ."

Mo ní, "Ohunkóhun?"

Ó ní, "Ohunkóhun, sà."

Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ní Cotton Bay, bí àgbàlagbà bá sọ fún ọ pé ilé rẹ nìyí, tó sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí, tó tún ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ìkórè pé, ó ti fún ọ láṣẹ láti gba àlejò nìyẹn. N kò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, mo rò ó, o mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé bí mo bá tún lọ béèrè, ọkùnrin náà yóò rò pé mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Yàrá náà tóbi ju ilé mi lọ. Wọ́n fi aṣọ ìnura ṣe ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan sórí ibùsùn. Mo rọra gbé e sórí àga, n kò tú u, ìyẹn ni pé láti ọjọ́ náà, aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi ni mo fi ń nura. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé gbẹ̀rẹ́fútù wá, wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí abala ìwé, wọ́n sì fi òdòdó lé e lórí. Mo wá ọbẹ̀ tó yẹ kó bá a rìn, n kò rí i. Ṣùgbọ́n n kò lè purọ́, oúnjẹ ibẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ti kó àwo kan kúrò, òmíràn á dé, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ iye tí èèyàn bù. Mo ní nínú ọkàn mi pé ilé tí oúnjẹ ti pọ̀ tó báyìí, kí ló kù fún Ìkórè bí kò ṣe àlejò?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìsìn. Mo dìde, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jẹun má lọ sọ́dọ̀ Verlyn mọ́, pé Pelican Point ni mo ti ń gba àlejò. Lẹ́yìn náà ni bàbá Cuthbert, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, yọ ṣùtì ètè sí mi.

Ó ní, "Alford, ṣé wọ́n máa jẹ́ ká wọ bàtà wọlé?"

Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Bàbá, bàtà kọ́ lẹ máa béèrè. Ẹ béèrè bóyá àwọn náà máa fún wa ní ohun mímu tí wọ́n máa ń fi agboòrùn kékeré sí lórí."

"Kí ni ohun mímu fẹ́ fi agboòrùn ṣe?"

"Kí òjò má bàa là á ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Ismay lọ́dọ̀ awakọ̀ búrẹ́dì pé ibi tí mo dé sí ti yí padà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn agbáwo tẹ́ tábìlì gígùn kan fún mi sábẹ́ igi létí omi.

Ó bi mí pé, "Fún èèyàn mélòó, sà?"

Mo ní, "Ìkórè ni. A kì í kà wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Ọmọ Venezuela ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo yára padà, torí onílé ni í dúró de àlejò. Mo so táì mọ́rùn. Aago méjìlá lù mí síbi tábìlì yẹn. Aago kan lù. Mo mu omi atalẹ̀ ife mẹ́ta. Tọkọtaya òyìnbó kan wá bi mí bóyá àwọn lè jókòó síbẹ̀, mo ní àwọn èèyàn mi ń bọ̀. Agbáwo wá bi mí bóyá àwọn èèyàn mi ṣì ń bọ̀, mo ní wọ́n ń bọ̀. Mo lọ sí yàrá bóyá wọ́n ránṣẹ́ síbẹ̀. Iná pupa kan ń tàn, ó ń kú, lára tẹlifóònù. Mo rò pé ó fẹ́ gbiná. Mo fi ìrọ̀rí bò ó, mo sì padà sídìí tábìlì mi. Nígbà tó di aago méjì, mo ti mọ̀ nínú ara mi pé gbogbo abúlé ló ti gbọ́ òtítọ́ nípa ìsìnkú ìyá wa, pé wọ́n ti pinnu láti má jẹ oúnjẹ mi, àti pé Ismay ló ṣáájú wọn. Mo tiẹ̀ gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn gbé orin wá láti ọ̀nà títì. Orin Ìkórè ni. Mo tẹ̀lé e. Ọ̀nà tó ti ilé náà dé géètì jìn, oòrùn sì mú. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí ìkòkò Verlyn mẹ́ta lórí òkúta lẹ́yìn géètì, àti bí ogójì èèyàn lábẹ́ àwọn igi fúrúǹtù tó wà lẹ́bàá títì. Wọ́n ti jẹ akàn mi tán. Èèpo rẹ̀ ga gogoro ní ibi kan. Bàbá Cuthbert na ẹsẹ̀ lórí àga.

Ó ní, "Alford! Ilé rẹ mà tóbi o. A ti ń jẹun láti aago kan, a ò tíì rí pálọ̀."

Ọlọ́dẹ ẹnu géètì, Denzil, jáde láti inú ahéré rẹ̀, ọbẹ̀ kọ́rì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ní kí wọ́n pe yàrá yín lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí tẹlifóònù yín. Ẹni tí ò bá ní ọ̀já lọ́wọ́, orúkọ ẹ̀ ní láti wà nínú ìwé. Mo wo ìwé, kò sí orúkọ kankan."

Verlyn ní, "Ìyá tó bí ìyá ẹ wà nínú àwọn tí o dá dúró, Denzil."

"Mi ò lé wọn, Àǹtí Verlyn. Mo ní kí wọ́n dúró ni."

"Ta ló bọ́ ẹ nígbà tí wọ́n ń dúró?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Nu ẹnu ẹ."

Verlyn ti mọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì pé báyìí ni yóò rí, kò kàn fẹ́ já mi ní kóó lójú ẹgbẹ́ akọrin ni. Ìdí nìyí tó fi se akàn náà, tó sì fi ọkọ̀ gbé e wá. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi ń wá ẹnì kan láàárín wọn.

Mo ní, "Ismay ńkọ́?"

Verlyn ló sọ fún mi. Ismay ló kọ́kọ́ dé nínú gbogbo wọn. Ó wọ fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó gbé abọ́ yánmọtí oníṣúgà dání, èyí tí mo fẹ́ràn láti kékeré. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Wọ́n bu akàn fún un, ó ní òun kò wá sọ́dọ̀ Verlyn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni òun wá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí awakọ̀ búrẹ́dì fi fun fèrè pé òjò ń ṣú lórí òkè. Ìgbà náà ló wá sí ojú fèrèsé ahéré Denzil.

Denzil ní, "Wọ́n ní, 'Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé èmi wá.' Wọ́n ní kí n tún un sọ káwọn gbọ́. Mo tún un sọ. Wọ́n bá gbé abọ́ wọn, wọ́n lọ."

Bá mi wo ọ̀rọ̀ náà, Hollis. Kò bú mi. Kò sọ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, máníjà ibí yìí, Ìyáàfin Sandiford, ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo múra pé wọ́n fẹ́ lé mi. Ó tọrọ gáfárà ni. Ó ní ìbá ṣe pé mo kọ orúkọ àwọn àlejò mi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, wọn ì bá ti jẹ́ kí bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún wọlé. Mo ní àlejò Ìkórè kò ṣeé kọ sílẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in mọ́. Ó ní, "Bàbá, ọmọ Moriah ni mí, abúlé Tobago níbí. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ilé." N kò ní ohun kan lòdì sí i, n kò sì ní ohun kan lòdì sí Denzil. Ẹni tó kó àlejò jọ láìbi onílé, òun ló jẹ̀bi.

Lánàá, mo lọ sọ́dọ̀ Verlyn láti tọrọ àforíjì, kí n sì bi í bóyá awakọ̀ búrẹ́dì lè gbé mi lọ sí Parson Bay. Ó ní awakọ̀ búrẹ́dì kò lọ mọ́. Òjò ọjọ́ Àìkú ti ya òkè lulẹ̀, ó ti dí ọ̀nà ní ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ọkọ̀ kankan kò sì ní kọjá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ àwọn apẹja ni búrẹ́dì pàápàá ń wọ̀ báyìí.

Mo ní, "Ṣé wọn ò ní lè kó o kúrò kó tó di Ọjọ́bọ̀ tí mò ń padà?"

"Òkè ló wó, ẹ̀gbọ́n Alford. Kì í ṣe garawa yín ló dànù."

Lẹ́yìn náà ló sọ ìyókù fún mi. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni Parson Bay ń ṣe Ìkórè tiwọn. Apẹja kan tó ń jẹ́ Fitzroy ti ibẹ̀ dé láàárọ̀, Ismay sì rán an níṣẹ́ sí Verlyn pé bí mo bá bi í, kó sọ fún mi pé ilé òun kò ní géètì.

Mo bi Verlyn pé, "Báwo ló ṣe sọ ọ́? Ṣé ó ń bínú ni?"

"Fitzroy ló gbọ́ ọ, èmi kọ́. Ẹ lọ bi í."

Mo lọ bá Fitzroy létí omi, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ọkọ̀ rẹ̀ kò gùn ju tábìlì tí mo jókòó tì lọ́jọ́ Àìkú lọ púpọ̀. N kò tiẹ̀ lè dé orí ọ̀rọ̀ Ismay, ọkọ̀ náà ni mo ń wò. Mo béèrè ẹ̀rọ mélòó ló ní. Ó ní ẹ̀yọ kan. Mo béèrè bóyá ẹ̀wù tó ń léfòó wà nínú rẹ̀. Ó ní méjì, ṣùgbọ́n ajá òun ń sùn lórí ọ̀kan. Mo béèrè bí òkun ti ń ṣe nínú oṣù Kẹwàá.

Ó ní, "Bàbá, òkun ni. Ó máa ń mì."

"Ṣé ọkọ̀ yìí ti dojú dé rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A dá ojú ẹ̀ padà."

Mo ní kó kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òun kì í kọ orúkọ, kí n ṣáà ti wà létí omi. Nígbà tí mo ti ń lọ ni mo tó rántí, mo padà, mo bi í bóyá Ismay ń bínú nígbà tó ránṣẹ́ náà. Ó ní, "Wọ́n ń fọ ìkòkò ńlá ni. Mi ò rí ojú wọn."

Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ. Ó lè jẹ́ pé yóò bu oúnjẹ fún mi nítorí Ìkórè, kó má sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó lè jẹ́ pé iwájú gbogbo abúlé ni yóò ti sọ ohun tí mo ṣe. Mo ti wo méjèèjì, n kò mọ èyí tó burú jù, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sàn ju kí n tún padà sí Arima lọ kọ lẹ́tà kejìlá.

Lọ́la ni ọ̀sẹ̀ tí Lennox san pé. Verlyn ní yàrá mi ṣì wà níbẹ̀, pé òun kò tíì rí ẹlòmíràn tó lè bá garawa náà gbé. Bí Lennox bá pè ọ́, sọ fún un pé ibùsùn ibí dára. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ẹlòmíràn lè gbádùn rẹ̀. Má sọ ti ọkọ̀ ojú omi fún un títí n óò fi dé. Bá mi kí Merle, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì kí àlùfáà wa, ní kó fi mí sínú àdúrà láìsọ ìdí rẹ̀. Má gbàgbé sítóòfù. Bí iná bá ń tàn, pa á, má sì sọ fún mi.

Ẹ̀rù ń bà mí, Hollis, n kò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fún ara mi ní ọjọ́, mo sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ kí ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́, kí n má bàa rí ọ̀nà yí i padà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ni mo ń wọ ọkọ̀ Fitzroy lọ sí Parson Bay.

                                                            Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
                                                            Alford Yeates.